Fólíìkì Kí Oyún Tó Dé

Bí aboyún bá wọlé tọ̀ mí wá ní Kuje, tí mo bi í pé, "Oògùn wo lò ń lò?", kì í sábà fẹnu dáhùn. Báàgì ló máa ń ṣí. Á kó gbogbo rẹ̀ jáde lọ́kọ̀ọ̀kan sórí tábìlì mi: ìgò oògùn ẹ̀jẹ̀ pupa tí wọ́n ya ìyá àti ọmọ sí lára, fítámì C aláwọ̀ ọsàn tí àwọn ọmọdé ń lá, epo ẹ̀dọ̀ ẹja, páálí fítámì ńlá kan tí ẹ̀gbọ́n ọkọ fi ránṣẹ́ láti London, àgbo nínú ìgò omi ọlọ́rà, nígbà mìíràn ẹyọ nzu kan, amọ̀ tí àwọn aboyún ń jẹ, tí wọ́n fi bébà wé. Nísàlẹ̀ pátápátá ni mo ti máa ń rí ọ̀rá pélébé tí nọ́ọ̀sì fi bírò kọ iye tí wọ́n á máa lò sí lára. Fólíìkì àti fẹ́sólétì, hóró irin, ló wà nínú rẹ̀. Ọ̀pọ̀ ìgbà, wọn ò tíì tú ẹnu rẹ̀.

Nọ́ọ̀sì agbẹ̀bí ni mí. Ní UCH, ilé ìwòsàn Yunifásítì n'Ìbàdàn, ni mo ti kọ́ṣẹ́, Èkó ni mo ti ṣe é títí mo fi fẹ̀yìn tì, Kuje ti Àmúwo-Ọ̀dọ̀fin ni mo sì ń gbé báyìí, níbi tí Àwórì, Ègùn, Ìgbò àti àwọn ará òkè ti jọ ń gbé, lẹ́bàá Festac, ìlú tí ìjọba kọ́ fún àwọn àlejò àjọ̀dún àṣà ọdún 1977. Màmá Nọ́ọ̀sì ni wọ́n ń pè mí. Àwọn ìyá tó ń tajà l'Ágboju, àwọn aránṣọ, àwọn olùkọ́, gbogbo wọn ló ń rán ọmọbìnrin àti ìyàwó ọmọ wọn sí mi. N kì í gbẹ̀bí nílé, n kì í sì í kọ oògùn fún ẹnikẹ́ni. Mo ń wo ìpéǹpéjú àti àtẹ́lẹwọ́ wọn, mo ń gbọ́ tẹnu wọn, mo sì ń sọ ibi tó yẹ kí wọ́n lọ. Ohun tí mo ń sọ fún wọn náà ni mo fẹ́ sọ níbí: nínú gbogbo ẹrù orí tábìlì yẹn, ọ̀rá pélébé yẹn ló níye lórí jù, apá kan nínú rẹ̀ sì yẹ kó ti wọ ara obìnrin kó tó mọ̀ pé òun lóyún rárá.

Fólíìkì ni apá kan yẹn. Láàárín nǹkan bí ọjọ́ 28 lẹ́yìn tí oyún bá dúró ni ibi tí ọpọlọ àti ọ̀pá ẹ̀yìn ọmọ ti máa jáde ń padé. Ó kọ́kọ́ tẹ́ pẹrẹsẹ, lẹ́yìn náà etí rẹ̀ méjèèjì á ká sókè, wọ́n á sì pàdé láàárín, bí ìgbà tí èèyàn bá ká ẹní láti ẹ̀gbẹ́ méjèèjì. Bí wọn ò bá pàdé nísàlẹ̀, wọ́n á bí ọmọ náà tòun ti kókó rọ̀gọ̀dọ̀ tàbí ojú ihò lẹ́yìn rẹ̀. Ẹsẹ̀ rẹ̀ lè má lágbára, ó lè má mọ ìgbà tí ìtọ̀ tàbí ìgbẹ́ ń bọ̀, omi sì lè kún orí rẹ̀. Bí ó bá jẹ́ òkè, lágbárí, ni wọn ò ti pàdé, ọmọ náà kì í yè. Lọ́jọ́ kejìdínlọ́gbọ̀n yẹn, nǹkan oṣù ìyá ṣẹ̀ṣẹ̀ pẹ́ ní bí ọ̀sẹ̀ méjì péré. Ẹlòmíràn ò tíì kà á sí. Nígbà tó bá fi máa gba káàdì aboyún lóṣù kẹrin tàbí ìkarùn-ún, iṣẹ́ náà ti parí tipẹ́, yálà ó dára tàbí kò dára. Fólíìkì tí wọ́n bá fún un lọ́jọ́ náà wúlò fún ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, ṣùgbọ́n kò lè padà lọ tún ọ̀pá ẹ̀yìn ọmọ ṣe.

Mo ti fi ọwọ́ mi gba irú ọmọ bẹ́ẹ̀. Ìbéèrè kan náà ni ìyá rẹ̀ máa ń béèrè: "Nọ́ọ̀sì, kí ni mo ṣe?" Kí èèyàn tó dáhùn, àwọn ará ilé á ti dáhùn fún un. Wọ́n á ní ó rìn lọ́sàn-án gangan, wọ́n á ní ó gbàgbé láti fi píìnì há aṣọ, wọ́n á ní ọwọ́ ayé ni. N kò sọ pé kí ẹnikẹ́ni yọ píìnì aṣọ rẹ̀. Ohun tó ń dùn mí ni pé obìnrin yẹn á máa ru ẹ̀bi tí kì í ṣe tirẹ̀ kiri fún ọdún púpọ̀, tí kò sì ní sí ẹnìkan tó máa sọ fún un pé kó bẹ̀rẹ̀ fólíìkì kó tó tún lóyún mìíràn.

Ọdún 1991 ni ọ̀rọ̀ fólíìkì yìí kúrò ní àbá. Àwọn olùwádìí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kó obìnrin 1,817 jọ láti orílẹ̀-èdè méje, àwọn tó ti bí ọmọ tí ọpọlọ tàbí ọ̀pá ẹ̀yìn rẹ̀ kò padé rí. Wọ́n fún àwọn kan ní fólíìkì kí oyún tó dé, wọn ò fún àwọn yòókù. Fólíìkì dín ewu náà kù ní ìdá 72 nínú ọgọ́rùn-ún. Wọ́n dá ìwádìí náà dúró kí àkókò rẹ̀ tó pé, nítorí kò tọ́ mọ́ láti fi í du ẹnikẹ́ni. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, àwọn ará Hungary fi hàn pé ó ń ṣiṣẹ́ fún obìnrin tí kò bí irú ọmọ bẹ́ẹ̀ rí pẹ̀lú.

Nítorí náà, ọmọbìnrin tó ń múra ìgbéyàwó, ìyàwó tuntun, ìyá tó já ọmọ lẹ́nu ọmú tó sì ń ronú àtibí òmíràn, gbogbo wọn ni fólíìkì wà fún. Mílígíráàmù 0.4 lójúmọ́ ló tó, kí ó bẹ̀rẹ̀ bí oṣù méjì tàbí mẹ́ta ṣáájú. Mo mọ̀ pé ọ̀pọ̀ oyún l'Ékòó kì í sọ tẹ́lẹ̀ kó tó dé. Ìyẹn gan-an ló jẹ́ kí n máa sọ pé ẹni tó wà nílé ọkọ, tí kò fètò sí ọmọ bíbí, kó máa lò ó. Ìjọba náà ti ní kí àwọn ilé-iṣẹ́ tó ń lọ ìyẹ̀fun wíìtì máa fi fólíìkì àti èròjà ẹ̀jẹ̀ sí i, torí náà díẹ̀ ń wọlé láti inú búrẹ́dì. Ṣùgbọ́n gààrí, àmàlà àti ìrẹsì wa kò sí nínú ètò yẹn.

Ohun kan wà tó máa ń mú kí àwọn ọmọ wa pẹ́ kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀, n kò sì fẹ́ bú wọn nítorí rẹ̀. A kì í tètè fi oyún hàn. Ẹni tí oyún bàjẹ́ lára rẹ̀ rí, ẹni tí ìdílé ti ń wò láti ọjọ́ ìgbéyàwó, kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbọ́ títí ikùn fi máa yọ. Ọmọbìnrin kan tó ń ta aṣọ l'Ágboju sọ fún mi pé, "Màmá, tí wọ́n bá rí mi ní jẹnẹ́rà, wọ́n á ti mọ̀." Ọ̀rọ̀ rẹ̀ yé mi. Mo dá a lóhùn pé fólíìkì kò gba káàdì, kò gba sikáànù, kò sì fi ẹnikẹ́ni hàn. Ó wà lára oògùn tí owó rẹ̀ kéré jù lọ ní kẹ́míìsì, obìnrin tí kò lóyún ń rà á, ọkùnrin náà lè rà á fún ìyàwó rẹ̀. Mo fẹ́ràn kí ọkọ rà á. Ọkọ tó bá ti ń ra fólíìkì kí oyún tó dé kì í ṣe ẹni tí aya máa ń bẹ̀ kó tó fún un lówó ọkọ̀ láti lọ sí ìtọ́jú aboyún.

Nígbà tí wọ́n bá wá dé kẹ́míìsì, ọ̀rọ̀ mìíràn tún wà níbẹ̀. Èyí tó wọ́pọ̀ jù lórí àtẹ wa ni fólíìkì mílígíráàmù 5, ó fi ìlọ́po méjìlá ju èyí tí aboyún lásán nílò lọ. Èyí tó tóbi yẹn ní àwọn tó ni ín: ẹni tó ti bí ọmọ tí ọ̀pá ẹ̀yìn rẹ̀ kò padé rí, ẹni tó ń lo oògùn wárápá, ẹni tó ní ìtọ̀ ṣúgà, ẹni tó ní àrùn fòníkú-fọ̀la-dìde. Dókítà ló ń yàn án fún wọn. Ìdí tí mo fi tẹnu mọ́ ọn ni Fansidar, oògùn ibà. Láti oṣù kẹrin ni wọ́n ti máa ń fún aboyún ní Fansidar lójú nọ́ọ̀sì, ó kéré tán ìgbà mẹ́ta, kí ó tó oṣù kan sáàárín ọ̀kọ̀ọ̀kan, kí ibà má baà bá ibi ọmọ jà. Ọ̀nà tí Fansidar ń gbà ṣiṣẹ́ ni pé ó ń dí kòkòrò ibà lọ́wọ́ láti ṣe fólíìkì tirẹ̀. Bí fólíìkì mílígíráàmù 5 bá wá kún inú ara lójoojúmọ́, kòkòrò náà á rí ohun tó ń wá, Fansidar ò sì ní lágbára bó ṣe yẹ. Àjọ Ìlera Àgbáyé ti kìlọ̀ nípa èyí: mílígíráàmù 0.4 ni kí ó bá Fansidar rìn. Bí ẹ bá ra fólíìkì fúnra yín, ẹ ka iye tó wà lára rẹ̀. Bí ó bá jẹ́ 5 ni wọ́n fún yín, ẹ sọ fún nọ́ọ̀sì lọ́jọ́ Fansidar, ẹ má ṣe kàn jù ú nù. Ẹni tó ń lo oògùn HIV tí wọ́n sì fún ní Septrin pẹ̀lú rẹ̀ kì í gba Fansidar. Òun náà gbọ́dọ̀ sọ.

Ọ̀rọ̀ ẹ̀jẹ̀ ló kàn, ibẹ̀ sì ni mo ti rí ikú jù lẹ́nu iṣẹ́ mi. Ó ju ìdajì àwọn aboyún Nàìjíríà lọ tí ẹ̀jẹ̀ wọn kò tó. PCV ni wọ́n fi ń wọ̀n ọ́n. 33 ni kí ó tó, ṣùgbọ́n 26, 25, 24 ni wọ́n ń kó wá fún mi, wọ́n á tún máa rẹ́rìn-ín pé ara àwọn le. Ara lè máa le lójú, nítorí pé ẹ̀jẹ̀ máa ń lọ sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀, ara á sì máa fara mọ́ ọn. Ọjọ́ ìbímọ ni a máa ń mọ̀. Ẹ̀jẹ̀ tí obìnrin tí PCV rẹ̀ jẹ́ 36 máa dà tí á sì dìde jẹun ni obìnrin tí tirẹ̀ jẹ́ 20 máa dà tí a ó fi máa sáré wá ẹlẹ́jẹ̀ kiri lóru. Àwọn olùwádìí tó tẹ̀ lé àwọn obìnrin tí ẹ̀jẹ̀ wọn kò tó ní Nàìjíríà, Pakistan, Tanzania àti Zambia fi hàn lọ́dún 2023 pé bí ẹ̀jẹ̀ bá ṣe kéré sí i, bẹ́ẹ̀ ni ìsun-ẹ̀jẹ̀ lẹ́yìn ìbímọ ń pọ̀ sí i, tí ikú náà sì ń pọ̀ sí i. Nǹkan bíi mílígíráàmù 1,000 èròjà irin ni oyún kan ń gbà lọ́wọ́ ìyá látìbẹ̀rẹ̀ dópin, ìdajì ìkẹyìn oyún ló sì ń gba èyí tó pọ̀ jù. Ẹni tó ń ṣe nǹkan oṣù tó pọ̀, tó ń bímọ léra, tí ibà ń ṣe, kò ní irú ẹrù bẹ́ẹ̀ nípamọ́.

Ìbàdàn ni ìmọ̀ nípa àìtó ẹ̀jẹ̀ aboyún ti gbòòrò ní ilẹ̀ wa, ó sì máa ń yà mí lẹ́nu pé àwọn ọmọ wa kò mọ̀. Ní nǹkan bí àwọn ọdún 1960, àwọn aboyún máa ń dé UCH tí ojú wọn ti funfun, tí ẹsẹ̀ wọn wú, tí wọn ò lè sùn sílẹ̀ nítorí èémí. Ọkàn wọn ti rẹ̀ láti máa gbé ẹ̀jẹ̀ tó ti di omi kiri. Bí wọ́n bá sáré fa ẹ̀jẹ̀ sí wọn lára, ọkàn náà kò lè gbé e, obìnrin á sì kú sórí ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n ń fún un. Àwọn dókítà ibẹ̀ wá dá ọgbọ́n kan: wọ́n á máa fa ẹ̀jẹ̀ olómi jáde láti iṣan kan bí wọ́n ṣe ń fi ẹ̀jẹ̀ tó ki wọ iṣan kejì. Méjì nínú wọn, Fullerton àti Turner, kọ ọ́ sínú ìwé ìṣègùn Lancet lọ́dún 1962. Àwọn sísítà àgbà tó kọ́ wa níṣẹ́ ti rí i lójú. Wọ́n máa ń sọ fún wa pé iṣẹ́ òru gbáko ni, èèyàn mélòó kan lórí obìnrin kan ṣoṣo.

Ṣùgbọ́n àwọn dókítà náà tún béèrè ìdí tí ẹ̀jẹ̀ fi ń tán tó bẹ́ẹ̀. Wọ́n rí i pé ibà ń pa ẹ̀jẹ̀ pupa run, àgàgà lára ẹni tó lóyún àkọ́kọ́. Ara wá ń sáré ṣe òmíràn dípò rẹ̀, fólíìkì ni ó fi ń ṣe é, fólíìkì náà á sì tán, nígbà tí ọmọ inú ń gba tirẹ̀ lọ́wọ́. Ẹ̀jẹ̀ tó bá jáde lẹ́yìn náà á tóbi gbàgùdù, kò ní pé, kò sì ní wúlò. Lọ́dún 1968, Fleming, Hendrickse àti Allan tẹ ìwádìí tiwọn jáde lórí bí a ṣe lè dènà irú àìtó ẹ̀jẹ̀ yìí lára àwọn aboyún Nàìjíríà. Láti ibẹ̀ ni oògùn ibà, fólíìkì àti fẹ́sólétì ti di mẹ́ta tí kì í fira sílẹ̀ ní ìtọ́jú aboyún wa. Ọ̀rá pélébé tó wà nísàlẹ̀ báàgì náà ní ìtàn, àwọn obìnrin ilẹ̀ yìí ló sì fi ẹ̀mí wọn kọ ọ́.

Obìnrin kan ti ṣí ọ̀nà ṣáájú àwọn dókítà Ìbàdàn yẹn. Lucy Wills, dókítà ará ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, lọ sí Bombay ní ilẹ̀ Íńdíà lọ́dún 1928, nítorí àwọn aboyún tó ń ṣiṣẹ́ nílé-iṣẹ́ aṣọ níbẹ̀ ń kú nítorí irú àìtó ẹ̀jẹ̀ kan náà. Lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ìgbìyànjú ó rí i pé Marmite, ohun tí wọ́n ń fi ìwúkàrà ọtí bíà ṣe, tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì ń fi pa búrẹ́dì, ń mú wọn dìde. Ọdún 1931 ló gbé e jáde. Ó tó ọdún mẹ́wàá lẹ́yìn náà, 1941, kí àwọn onímọ̀ Amẹ́ríkà tó yọ fólíìkì fúnra rẹ̀ láti inú ewé ẹ̀fọ́ kan.

Irú ewé bẹ́ẹ̀ wà lọ́dọ̀ wa. Ṣọkọ, tẹ̀tẹ̀, ugu, ewúro, gbogbo wọn ní fólíìkì, ẹ̀wà sì ní i gidigidi. Ibi tí a ti ń pàdánù rẹ̀ ni ìdí iná. A máa ń bọ ẹ̀fọ́ nínú omi gbígbóná, a ó fún un títí omi rẹ̀ á fi tán, a ó da omi náà nù, a ó tún wá fi ìyókù sínú epo gbígbóná fún ìgbà pípẹ́. Inú omi tí a dà nù ni èyí tó pọ̀ jù wà. Mo máa ń sọ fún wọn pé kí wọ́n ṣan ẹ̀fọ́ dáadáa kí wọ́n tó gé e, kí ó jẹ́ òun ló máa kẹ́yìn wọ ọbẹ̀, kí wọ́n sì tètè sọ̀ ọ́ kalẹ̀. Ewúro ni mo yọ sílẹ̀, nítorí ìkorò rẹ̀. Ṣùgbọ́n bí obìnrin bá ti lóyún, oúnjẹ nìkan kò lè gbé e. Ẹni tó bá sọ pé òun ń jẹ ẹ̀fọ́ dáadáa, kí ó jẹ ẹ́, kí ó sì lo oògùn rẹ̀.

Èyí mú mi dé ọ̀dọ̀ fẹ́sólétì tí wọ́n ń sá fún. Ó ń mú kí ìgbẹ́ dúdú, ó ń mú kí ó le, ó sì ń rìn wọ́n nínú. Wọn kì í sọ fún nọ́ọ̀sì. Wọ́n á kàn máa kó o pamọ́. Ìgbẹ́ dúdú kì í ṣe àìsàn, irin tó ṣẹ́kù ló ń jáde. Bí ó bá ń rìn yín nínú, ẹ lò ó lálẹ́ kí ẹ tó sùn, tàbí lẹ́yìn oúnjẹ díẹ̀. Ẹ fi omi tàbí ọsàn lò ó. Ọsàn ń jẹ́ kí ara gbà á. Tíì, kọfí àti mílíìkì ń dí i lọ́nà, kí wákàtí méjì sì wà láàárín wọn. Ẹ rí i báyìí pé mọ́ọ̀tì pẹ̀lú mílíìkì, tí gbogbo Festac gbà pé òun ni oògùn ẹ̀jẹ̀, kò lè rọ́pò rẹ̀. Ó dùn, aboyún tí ebi ń pa lè mu ún, ṣùgbọ́n kì í fún PCV ní ohun tó ń wá. Ní ti poroporo ọkà bàbà, ìyá mi náà sè é mu, n kò bá ẹnikẹ́ni jà lórí rẹ̀. Ohun tí mo kọ̀ ni kí ó gba ipò fẹ́sólétì, tàbí kí wọ́n pò ó mọ́ ewé tí a kò mọ orúkọ rẹ̀.

Àwọn kan á ní hóró wọ̀nyí kò lágbára, dírípù irin ni àwọn fẹ́. Èkó níbí gan-an ni wọ́n ti yẹ èyí wò. Ọ̀jọ̀gbọ́n Bosede Afolabi ti ilé-ẹ̀kọ́ ìṣègùn Yunifásítì Èkó ní Ìdí-Àràbà àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kó aboyún 1,056 jọ l'Ékòó àti Kano, àwọn tí ẹ̀jẹ̀ wọn kò tó. Wọ́n fún apá kan ní irin láti ojú iṣan, wọ́n fún apá kejì ní hóró fẹ́sólétì. Èsì rẹ̀ jáde lọ́dún 2024: nígbà tí oyún pé ọ̀sẹ̀ 36, iye àwọn tí ẹ̀jẹ̀ wọn ṣì kéré ní apá méjèèjì kò ní ìyàtọ̀ gbòógì. Ti ojú iṣan fi irin pamọ́ sára dáadáa ju hóró lọ, ó sì ní àǹfààní fún ẹni tí kò lè gbé hóró mì tàbí tí ọjọ́ ìbí rẹ̀ ti sún mọ́lé. Ṣùgbọ́n hóró tí èèyàn lò lóòótọ́ kò kéré. Àjọ Ìlera Àgbáyé ní kí irin tó wà nínú èyí tí aboyún ń lò fi dènà lójúmọ́ tó mílígíráàmù 30 sí 60; ẹni tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ti lọ sílẹ̀ tẹ́lẹ̀ máa gbà ju bẹ́ẹ̀ lọ, dókítà ló máa sọ iye.

Ẹ jẹ́ kí n padà sí tábìlì mi, sí àwọn ohun yòókù. Epo ẹ̀dọ̀ ẹja ni mo kọ́kọ́ máa ń gbé sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Fítámì A inú ẹ̀dọ̀ lágbára, èyí tó bá sì pọ̀ jù lóṣù mẹ́ta àkọ́kọ́ lè ba ìrísí ọmọ jẹ́. Nítorí èyí kan náà, kí aboyún má ṣe sọ ẹ̀dọ̀ màlúù di ẹran ojoojúmọ́. Epo pupa kò ní irú ewu yìí. Ara ń sọ èyí tó wà nínú rẹ̀ di fítámì A bí ó ṣe nílò rẹ̀ ni. Wọ́n tilẹ̀ ti gbìyànjú láti fi hóró fítámì A gba ẹ̀mí àwọn ìyá là ní Ghana, ní agbègbè Kintampo, láàárín àwọn obìnrin tó lé ní 200,000. Èsì tó jáde lọ́dún 2010 fi hàn pé ikú kò dín kù. Fítámì C àti E náà, a ti retí púpọ̀ pé wọ́n á dènà ẹ̀jẹ̀ ríru inú oyún, ìwádìí ńlá tó jáde lọ́dún 2006 sì fi hàn pé wọn ò ṣe é. Nzu ńkọ́? Àjọ FDA ti Amẹ́ríkà kìlọ̀ lọ́dún 2009 pé òjé wà nínú rẹ̀, òjé sì ń ba ọpọlọ ọmọ jẹ́. Obìnrin tó ń yán hànhàn fún nzu, ẹ yẹ PCV rẹ̀ wò. Ẹ̀jẹ̀ tí kò tó máa ń mú irú ìyánhànhàn bẹ́ẹ̀ wá.

Fítámì ńlá láti London lè wúlò, bí fólíìkì àti irin bá wà nínú rẹ̀ tí fítámì A rẹ̀ kò sì pọ̀. Oríṣi kan wà tí àjọ UNICEF ń pín, tó kó èròjà 15 pọ̀ sínú hóró kan, irin mílígíráàmù 30 àti fólíìkì 0.4 wà nínú rẹ̀. Ó ti wà nínú ìwé àwọn oògùn kòṣeémáàní ti Àjọ Ìlera Àgbáyé láti ọdún 2021, ó sì ń dín bíbí ọmọ tó kéré jù kù ju fólíìkì àti irin nìkan lọ. Bí wọ́n bá fún yín ní irú rẹ̀ nílé ìwòsàn, ẹ má tún fi fólíìkì àti fẹ́sólétì mìíràn lé e láìbéèrè.

Ó ku kálísíọ̀mù, tí a kì í fún ní àyè tó yẹ ẹ́. Gìrì aboyún ni mo fi ń rántí rẹ̀. Orí á máa fọ́ obìnrin, ojú rẹ̀ á máa ṣú, ojú àti ọwọ́ á wú, ilé á ní aboyún ló ń wú bẹ́ẹ̀. Lẹ́yìn náà ni gìrì á gbé e. Nílé ìwòsàn, abẹ́rẹ́ magnesium sulphate ni wọ́n fi ń dá a dúró. Nílé àdúrà wọ́n á ní ẹ̀mí òkùnkùn ni, àkókò á sì ti lọ. Níbi tí oúnjẹ kò bá ti ní kálísíọ̀mù tó, bí ó ti rí ní ọ̀pọ̀ ilé wa, kálísíọ̀mù tí aboyún bá ń lò lójoojúmọ́ ń dín ewu yìí kù. Mílígíráàmù 1,500 sí 2,000 ni Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ lọ́dún 2016, ọ̀pọ̀ ìyá kò sì lè ra èyí. Ìròyìn ayọ̀ ni pé lọ́dún 2024, ìwádìí tí wọ́n ṣe láàárín aboyún bí 22,000 ní Íńdíà àti Tanzania fi hàn pé 500 lójúmọ́ ṣe dáadáa bí 1,500. Ẹ lò ó lówùúrọ̀ bí ẹ bá ń lo fẹ́sólétì lálẹ́, nítorí àwọn méjèèjì kì í jọ wọlé. Edé, ẹja wẹ́wẹ́ tí a ń jẹ tegungun-tegungun, àti wàràǹkàṣì náà ní kálísíọ̀mù. Síbẹ̀, kò sí hóró kankan tó rọ́pò kí wọ́n wọn ẹ̀jẹ̀ ríru kí wọ́n sì yẹ ìtọ̀ wò nígbàkúgbà tí ẹ bá lọ. Ẹ̀ẹ̀mẹjọ, ó kéré tán, ni wọ́n ní kí aboyún rí elétò ìlera. Ẹni tó bá fẹ́ràn agbẹ̀bí ìbílẹ̀ rẹ̀, kí ó máa lọ sọ́dọ̀ rẹ̀, ṣùgbọ́n kí ó gba káàdì nílé ìtọ́jú alábọ́dé tàbí ní ilé ìwòsàn ìyá àti ọmọ ti ìjọba tó wà ní Àmúwo-Ọ̀dọ̀fin níbí.

Ẹ tọ́jú fẹ́sólétì síbi tí ọwọ́ ọmọdé kò lè tó. Ó pupa, ó ń dán, ọmọ ọdún méjì á rò pé súwíìtì ni, ìwọ̀nba hóró díẹ̀ sì lè pa á. Lẹ́yìn ìbímọ, ẹ má ṣe da èyí tó ṣẹ́kù nù: kí ìyá máa lò ó lọ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà sí méjìlá, láti dí ohun tó bá ẹ̀jẹ̀ lọ. Ẹ bi nọ́ọ̀sì lọ́jọ́ abẹ́rẹ́ àjẹsára ọmọ nípa ètò ọmọ bíbí, kí ó tó ọdún méjì kí oyún mìíràn tó dé. Bí ẹ bá ti wá ń múra sílẹ̀ fún un, ẹ ra fólíìkì 0.4 lóṣù mẹ́ta ṣáájú.